Ìkìlọ̀ fún Gbogbo Ilé Tó Ní Ọmọ SS: Àrùn Yìí Ń Bá Orí Jà Pẹ̀lú

Bí ọmọ tó jẹ́ SS bá jí láàárọ̀ tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, tó sì ń ro ó, ẹ má fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì rán ẹnikẹ́ni lọ ra oògùn ojú lọ́dọ̀ kẹ́míìsì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Bí orí bá ń fọ́ ọ lọ́nà tí kò fọ́ ọ rí, tó ń bì, tí oorun tí kì í ṣe oorun sì ń gbé e lọ, ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ bá mọ́. Bó bá ní òun kò mọ ètè ìsàlẹ̀ òun lára mọ́, ẹ má ṣe mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò bá a yọ eyín kí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó rí i.

Mo fi ìyẹn ṣíwájú nítorí pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nínú irú ìrora bẹ́ẹ̀ lónìí kò ní ráyè ka ìyókù. Ẹni tó bá ráyè, kó fara balẹ̀ kà á.

Àwa tí a ń gbé pẹ̀lú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tó ń bá àwọn SS jà, mọ kíráísì, ìrora ńlá tó ń dé lójijì, dáadáa. A mọ ìka ọwọ́ ọmọ jòjòló tó ń wú, a mọ egungun ìdí tó ń bà jẹ́, a mọ ẹyinjú tó ń pupa rúsúrúsú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí, a máa ń sọ ọ́ lórúkọ mìíràn. Ẹ̀fọ́rí di ibà. Imú dídí di ọ̀fìnkìn. Ojú wíwú di Àpólò. Eyín ríro di kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Ọmọ tó ń hanrun lóru, ìyá rẹ̀ á ní ó sùn dáadáa. Bẹ́ẹ̀, egungun ni agbárí, egungun ló sì gbé gbogbo ojú ró láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ibi tí egungun bá wà, àrùn yìí mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Mùdùnmúdùn inú egungun ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Lára ẹni tó jẹ́ AA, sẹ́ẹ̀lì pupa kan a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Lára ẹni tó jẹ́ SS, sẹ́ẹ̀lì náà máa ń tẹ̀, ó máa ń le, ó sì máa ń fọ́ láàárín nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 20. Kí ẹ̀jẹ̀ má bàa tán lára ọmọ, mùdùnmúdùn ní láti ṣiṣẹ́ ní ìlọ́po ìlọ́po, àyè tó sì ní tẹ́lẹ̀ kò lè gbà á. Ilé tí ẹni tó ń jẹun níbẹ̀ ti pọ̀ jù ni: yàrá ìdáná á wó ògiri, á gba pálọ̀, á sì tún fẹ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ atẹ́gùn yẹn wà nínú egungun ojú lóòótọ́. Sáínọ́ọ̀sì ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Méjì wà lábẹ́ ojú, nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn wẹ́wẹ́ wà láàárín ojú méjèèjì. Òmíràn wà ní iwájú orí, lókè ìpéǹpéjú. Èyí tó fara sin jù wà lẹ́yìn imú, ní ìsàlẹ̀ agbárí. Wọn kì í pé lọ́jọ́ tí a bí ọmọ. Ti abẹ́ ojú àti ti àárín ojú ti wà níbẹ̀ ní kékeré, ṣùgbọ́n ti iwájú orí kì í sábà hàn nínú àwòrán títí ọmọ yóò fi tó ọmọ ọdún 6 tàbí 7, wọ́n á sì máa fẹ̀ sí i títí ọmọ yóò fi di géńdé. Kí atẹ́gùn tó lè wọ inú egungun bẹ́ẹ̀, mùdùnmúdùn pupa tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ọ̀rá, kí ọ̀rá náà tó wá fàyè sílẹ̀. Lára ọmọ SS, mùdùnmúdùn pupa kò ráyè sinmi débi tí yóò di ọ̀rá. Nítorí náà ihò lè pẹ́ kó tó yọ, ó lè kéré, ó lè dúró lágbedeméjì láìparí, pàápàá èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ agbárí lẹ́yìn imú.

Ẹ̀yin òbí lè bi mí pé kí ni èyí kàn yín. Ó kàn yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá ya àwòrán orí ọmọ náà. Ẹni tó ń wo CT tàbí MRI láìmọ̀ pé SS ni lè rí egungun tí kò rí bíi ti ọmọ mìíràn, kó sì rò pé kókó burúkú kan ló ń hù níbẹ̀. Ìdààmú tó wà nínú irú àṣìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò kéré: ẹkún, owó, iṣẹ́ abẹ tí kò yẹ kó wáyé. Bákan náà, oníṣẹ́ abẹ tó fẹ́ wọ inú imú gbọ́dọ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ihò tó ń lọ bá lè kéré, kí ògiri rẹ̀ sì nípọn. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù ọmọ kí wọ́n tó ya àwòrán, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù. Ẹ má rò pé wọ́n ti mọ̀.

Agbárí fúnra rẹ̀ ní awẹ́ méjì, ti òde àti ti inú, mùdùnmúdùn sì wà láàárín wọn. Bí mùdùnmúdùn bá ti ń pọ̀, àárín yẹn á máa nípọn, awẹ́ òde á máa fẹ́lẹ́. Iwájú orí á yọ síta. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ga, páárì òkè á tì síwájú, eyín òkè á kọjá ti ìsàlẹ̀ débi pé ètè kò ní fẹ́ pàdé. Lára àwọn mìíràn, ẹ́ksíréè á fi egungun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ hàn tó nàró lórí agbárí. Apá ìsàlẹ̀ ìpàkọ́ kì í sábà yí padà, nítorí mùdùnmúdùn ibẹ̀ kò tó nǹkan. Kì í ṣe gbogbo ọmọ SS ni èyí máa ń hàn lára wọn. Àwọn kan wà tí ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan lójú wọn.

Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ bá àwọn kan wí. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní olórí ńlá nínú kíláàsì, ẹ̀yin àgbààgbà tí ẹ ń wo iwájú orí ọmọ tí ẹ sì ń sọ̀rọ̀ àbíkú lábẹ́ ẹnu, ẹ fẹnu mọ́ ibẹ̀. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni egungun ọmọ yẹn ń ṣe. Ọmọ tí wọ́n bá ti fi orí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tó kì í sọ fún olùkọ́ pé orí ń fọ́ òun. Mo ti gbọ́ kí ìyá máa dẹ́bi fún ara rẹ̀ pé bí òun ṣe ń gbé ọmọ sùn ló sọ orí rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀. Kò sí òótọ́ kankan nínú ìyẹn.

Bí orí ṣe rí kọ́ ni ewu ibẹ̀. Ewu dé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá kọjá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ojú tó wú. Egungun tó yí ẹyinjú ká ní mùdùnmúdùn tirẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bá dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀, apá kan nínú egungun náà á kú, ẹ̀jẹ̀ àti omi á sì ṣàn sí àyè tóóró tó wà láàárín egungun àti ẹyinjú. Níwọ̀n bí egungun kò ti lè fẹ̀, ẹyinjú ni yóò tì síta. Ìpéǹpéjú á wú, ọmọ kò ní lè yí ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì lè máa rí nǹkan kan ní méjì. Bí ohun tó ṣàn yìí bá tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ fún àkókò gígùn, ojú lè fọ́. Púpọ̀ nínú wọn ló máa ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá tètè fún ọmọ ní omi, oògùn ìrora àti oògùn tó ń pa kòkòrò, tí dókítà ojú sì ń yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Díẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ohun tó mú kó ṣòro ni pé kòkòrò tó bá ti inú sáínọ́ọ̀sì ràn dé ojú á wú bákan náà, á gbóná bákan náà, ibà á sì bá a wá. Kò sí ẹni tó lè fojú lásán mọ ìyàtọ̀ wọn nílé. Dókítà gan-an nílò àwòrán.

Kòkòrò kì í fi ọmọ SS ṣeré. Láti kékeré ni àrùn yìí ti ń ba ẹ̀yà ara kan jẹ́ lábẹ́ ìhà òsì, èyí tó ń sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Sáínọ́ọ̀sì tó ti kún fún ikun, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì há, lè di orísun kòkòrò tí yóò wọ ẹ̀jẹ̀ tàbí tí yóò ràn dé awọ ọpọlọ. Ọ̀fìnkìn tó bá ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, tí ikun rẹ̀ nípọn, tí iwájú orí tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń dùn nígbà tí ọmọ bá tẹ orí ba, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò. Bí ibà bá tó 38 lórí tẹ̀mómítà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sáàárín agbárí àti awọ tó bo ọpọlọ láìjẹ́ pé ọmọ ṣubú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá a lórí. Ìjàm̀bá ọkọ̀ tàbí ìṣubú la mọ̀ mọ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lára ọmọ SS, apá kan agbárí lè kú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀, awẹ́ tó ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ á là, mùdùnmúdùn àti ẹ̀jẹ̀ á sì gba ibẹ̀ jáde. Bó bá gba òde jáde, ẹ óò rí ibi tó wú rọ̀bọ̀tọ̀ lábẹ́ irun, tó rọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Bó bá gba inú, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ọpọlọ ni yóò máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò wọ́pọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gbọ̀n nígbàkígbà tí ọmọ bá ní orí ń fọ́ òun, nítorí ẹ̀fọ́rí pọ̀ láàárín àwọn ọmọ SS, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í sì ṣe èyí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti tipa bẹ́ẹ̀ kú, ìgbà mìíràn láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹ fetí sí ibi tí ẹ̀tàn rẹ̀ wà. Àárín kíráísì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ń ro ó, wọ́n ti fún un ní oògùn ìrora tó lágbára, ó wá ń tòògbé. Gbogbo ènìyàn á ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ dúró tì í lẹ mọ bí ọmọ yín ṣe máa ń rí bó bá gba oògùn yẹn. Bí oorun yìí bá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó bá ti ké orí orí kó tó sùn, bó bá bì, bí dúdú ẹyinjú kan bá tóbi ju ìkejì lọ, ẹ pe nọ́ọ̀sì, bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ ní sùúrù, ẹ pe dókítà. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yìí gan-an: ṣé kò yẹ ká ya CT orí rẹ̀? Bí wọ́n bá tètè rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ lè gbà á là.

Ọ̀rọ̀ páárì ìsàlẹ̀ kúrú ju ìyẹn lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ kò pọ̀, nítorí náà ó tètè máa ń jìyà. Bí egungun ibẹ̀ bá kú tó sì fún iṣan ìmọ̀lára pa, ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n á kú, wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Eyín tó funfun, tí kò ní ihò kankan, lè máa ro ọmọ SS nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé inú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fà á yọ láìbéèrè jẹ́nótáìpù lè ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò wọ inú egungun, egungun tó bá ti ń kẹ̀ níbẹ̀ kì í tètè san.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń hanrun, ẹ gbọ́ èyí. Bẹ́lúbẹ́lú àti ẹran ẹ̀yìn imú máa ń tóbi lára ọ̀pọ̀ ọmọ SS, bí egungun ojú bá sì tún gba àyè tí atẹ́gùn ń gbà, èémí ọmọ á máa dí lóru. Ó lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kó ta gìrì, kó tún mí. Afẹ́fẹ́ tó dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ ló sì ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ á jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, á máa tòògbé ní kíláàsì, ó tún lè máa tọ̀ sórí ibùsùn lẹ́yìn tó ti jáwọ́ níbẹ̀. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló yẹ kó rí i. Bí wọ́n bá pinnu láti gé ẹran náà, wọ́n sábà máa ń fún ọmọ SS ní ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fi oògùn oorun mú un sùn. Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kò pọn dandan kí dókítà ẹ̀jẹ̀ mọ̀ sí i.

Nínú agbárí kan náà ni rọpárọsẹ̀ ti ń wá. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 11 nínú 100 àwọn tó jẹ́ SS ló ní i kí wọ́n tó pé ọmọ 20 ọdún, nígbà tí kò tíì sí ọ̀nà ìdènà. Ní báyìí ọ̀nà ti wà. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní TCD. Wọ́n á gbé e lé ẹ̀bátí, níbi tí agbárí ti fẹ́lẹ́ jù, á sì wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó nínú iṣan ọpọlọ. Kò dun ọmọ, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Láti ọmọ ọdún 2 sí 16 ló yẹ kí ọmọ SS máa ṣe é lọ́dọọdún. Bí eré ẹ̀jẹ̀ bá tó 200 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu rọpárọsẹ̀ pọ̀ gan-an fún ọmọ náà. Àbájáde ìwádìí kan tó jáde ní 1998 fi hàn pé gbígba ẹ̀jẹ̀ déédéé dín ewu náà kù ní ohun tó lé ní 90 nínú 100 fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ wa, níbi tí ẹ̀jẹ̀ gbígbà lóṣooṣù ti ṣòro, oògùn hydroxyurea ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò dípò rẹ̀. Àwọn ọmọ Kano àti Kaduna ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan lára àwọn ìwádìí pàtàkì lórí rẹ̀. Wọ́n ń ṣe TCD ní UCH n'Ìbàdàn, ó sì wà ní ibùdó Sickle Cell Foundation ní Idi-Araba, l'Ékòó. Ó ń bí mi nínú pé ọ̀pọ̀ òbí ló ń ná owó tó ju ti àyẹ̀wò yìí lọ sórí àgbo lọ́dún kan, tí wọn kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Mo dárúkọ àgbo, kí n sọ ọ́ tán. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sórí tàbí sójú ọmọ SS nítorí ẹ̀fọ́rí. Ẹ má wọ́ ibi tó wú lágbárí rẹ̀, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Róòbù tí ẹ fi pa á níwájú orí kò ní pa á lára. Wákàtí mẹ́fà tí ẹ fi ń dúró wò bóyá yóò ṣiṣẹ́ ni yóò pa á lára. Aspirin kì í ṣe oògùn ọmọdé, pàápàá níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti lè máa dà nínú orí. Oògùn tí àwọn kẹ́míìsì máa ń pò papọ̀ fún ohun tó wú, dexamethasone tàbí prednisolone sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ó lè mú kí ojú rọlẹ̀ lónìí kí kíráísì ńlá sì dé bó bá tán lára.

Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù lọ láyé, nǹkan bí 150,000 lọ́dọọdún, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa sì ni AS. Ní Bàhíà lórílẹ̀-èdè Brazil, níbi tí ìran àwọn tí wọ́n kó lọ láti etíkun wa wà, nǹkan bí ọmọ kan nínú 650 ló ń ní àrùn yìí, ìjọba sì ti fi ìdánwò rẹ̀ sínú ètò gígún ọmọ tuntun ní gìgísẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ òbí kì í mọ̀ títí ìka ọmọ yóò fi wú. Àwọn kan ní ìwé tó sọ pé AS ni ọmọ wọn nígbà tó jẹ́ SS. Bí ìwé yín bá sọ ohun kan tí ara ọmọ sì ń sọ òmíràn, ẹ tún un ṣe níbòmíràn.

Lálẹ́ òní, ẹ kọ káàdì kan fún ọmọ náà kí ẹ sì fi sínú àpò ìwé rẹ̀: jẹ́nótáìpù rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, PCV rẹ̀ (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀) nígbà tí ara rẹ̀ bá dá, oògùn tó ń lò, ìgbà tó gba ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn, ohun tí TCD rẹ̀ sọ, nọ́ńbà fóònù yín. Ẹ fún olùkọ́ rẹ̀ ní ọ̀kan. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn gígùn. Ẹ ní: "SS ni. Ẹ̀fọ́rí yìí kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ti bì. A fẹ́ kí dókítà rí i báyìí." Bí ẹnu rẹ̀ bá ti wọ́, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, bí gìrì bá mú un, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Bí wọ́n bá dá yín lóhùn pé kò sí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi sí i lára, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn tó ní CT, kí wọ́n sì kọ àkókò tí ẹ dé síbẹ̀ sórí lẹ́tà náà.